Nígbà tí ilé ìwé ìjọba ò tíì sí: ìtàn súkúù ní Àgbádárìgì

Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà Àgbálátà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ méjì ló ní níléèwé. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin, ń lọ sí ti ìjọba. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń lọ sí aládàáni kan tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ilé wọn. Owó sáà tuntun ti dé, ó sì ti fò ju ti sáà tó kọjá lọ. Bó ṣe ń yí ẹja dà lórí ààrò, tí èéfín ń bá a lójú, ló ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, èwo gan-an ló dáa níbẹ̀? Ṣé ti ìjọba ni àbí praífẹ́ẹ̀tì?"

Mo ní bí mi ò bá kọ́kọ́ sọ ibi tí méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, irọ́ ni mo máa pa fún un. Ó ní òun ò ráyè ìtàn, oníbàárà ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ráyè, ẹ sún mọ́bí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ìwé, pé ìgbà tí ti ìjọba bàjẹ́ ni àwọn aládàáni wọlé dé. Ní Àgbádárìgì tiwa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún 56 gbáko ni ilé ìwé tí kì í ṣe ti ìjọba fi ṣáájú èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ nílùú yìí. Ìyẹn gan-an, súkúù oní-pátákó ni mò ń kà. Bí a bá ní ká sọ ọ́ dé ìdí, ilé kéwú ló yẹ ká kọ́kọ́ dárúkọ. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ A, B, D síbì kan nílẹ̀ Yorùbá, ààfáà ti ń jókòó sórí ẹní, ọmọ kéwú ti ń gbé wàláà lé itan, òbí sì ti ń fi sàráà dúpẹ́. Ìjọba wo ló dá sí i?

Súkúù ní tirẹ̀ gba ojú omi wá. Ní 24 oṣù Kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti Cape Coast, William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone, ti ń gba ìlú wa padà wálé, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń fẹ́ oníwàásù. Abẹ́ igi Àgìyà ni àwọn ará ìlú ṣì ń tọ́ka sí pé wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù. Igi ọ̀hún wó ní 1959. Àmì ìrántí ló kù níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n kó wá ṣe ìrìn àjò ń ya fọ́tò sídìí rẹ̀.

Freeman ò pẹ́ nílùú. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó padà, òun àti Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà, jọ ṣe Kérésìmesì 1842 níbí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. De Graft ló dúró. Ní 1843, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí ibí yìí dáadáa: ọmọ Fante ni De Graft, adúláwọ̀ bíi tiwa. Tíṣà súkúù tó kọ́kọ́ dúró níwájú ọmọ nílùú yìí kì í ṣe òyìnbó, bó ti wù kí wọ́n máa yà á sínú ìwé tó.

Orúkọ tí wọ́n sọ ilé ìwé náà ni Nursery of the Infant Church, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ìjọ tó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Orúkọ yẹn ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ìjọ ni wọ́n ń tọ́. Ọmọ ni wọ́n bá débẹ̀. Wọ́n tó bí àádọ́ta, ọmọ Sàró ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ Ògù, àwọn onílé gan-an, ò pọ̀ níbẹ̀, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà, tó bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà, iṣẹ́ ló ń ṣe nílé. Bí ẹ bá mú un lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ta ni yóò wa ọkọ̀?

Ní oṣù Kìíní 1845, Townsend padà wá, Gollmer àti Àjàyí Crowther, àwọn náà ti CMS, sì bá a dé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ṣì dúró ní Marina títí dòní. CMS dá ilé ìwé tiwọn sílẹ̀, Mẹ́tọ́díìsì ní tiwọn. Ẹ wá wò ó: ìlú kan ṣoṣo, ìjọ méjì, ilé ìwé méjì, tí oníkálukú ń fẹ́ kí ọmọ wá sọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìgbà yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí àwọn aládàáni ń ṣe báyìí tí wọ́n ń lẹ pósítà mọ́ òpó iná.

Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn? Ètò òòjọ́ ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì ti 1848 máa ń dùn mọ́ mi. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wọlé: orin, àkọ́sórí Bíbélì, kíka orí kan, àdúrà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, wọ́n ti kó sórí gírámà, ìwé kíkà, sípẹ́lì, ìwé kíkọ àti jọ́gíráfì títí di ọ̀sán gangan. Ní ọjọ́rú, katikísìmù ló ń gba àyè gírámà. Wọ́n á lọ jẹun, wọ́n á padà wọlé ní aago méjì fún ìṣirò àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, títí aago mẹ́rin tí wọ́n á fi àdúrà tú ká. Ẹ yọ Bíbélì kúrò níbẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹpútà sí i, ẹ ó rí i pé tàbìlì àwọn ọmọ tòde òní ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò tíì gba ilẹ̀ wa. 1861 ni wọ́n gba Èkó, 1863 ni wọ́n fi Àgbádárìgì kún un. Kí Èkó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ rárá, CMS ti dá ilé ìwé gírámà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1859 pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, owó ló kọ́kọ́ fi dá sí i: nígbà tó fi di 1877, £200 lọ́dún ló ń fún ìjọ kọ̀ọ̀kan nínú CMS, Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Àgùdà. Lẹ́yìn náà ni òfin ẹ̀kọ́ 1882 dé, ti 1887 tẹ̀ lé e, ayẹ̀wéwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kíláàsì.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ rí ilé ìwé yìí sójú. Àwọn Mùsùlùmí wo àyíká, wọ́n rí i pé ọmọ tó lọ síbẹ̀ ní Sùlé ń padà wálé ní Samuel. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó ríṣẹ́ akọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kó ti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sínú ìjọ. Edward Blyden, tí ìjọba gbà síṣẹ́ ní Èkó ní 1896, bá wọn dá sí i, ìjọba sì ṣí ilé ìwé fún àwọn Mùsùlùmí, níbi tí kéwú àti Gẹ̀ẹ́sì ti jọ ń gbé: Èkó ní 1896, Ẹ̀pẹ́ ní 1898, Àgbádárìgì ní 1899.

Bí ilé ìwé ìjọba ṣe débí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà ò sí nínú rẹ̀, òbí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ sí ti aládàáni ni wọ́n ṣe é fún. Kò sì tíì di ọ̀fẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tí ìjọba ṣí King's College ní Èkó ní 1909 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, owó ni wọ́n ń san níbẹ̀.

Ọ̀fẹ́ dúró di 17 oṣù Kìíní 1955. Ìwọ̀ Oòrùn la wà nígbà yẹn, lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Èkó nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà ọmọ Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ kí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó wọ̀ ọ́, 1957 ló kan tiwọn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ẹ̀ẹ̀kan wà tí ará oko ṣáájú ará Èkó. Iye ọmọ tó wà ní pírámárì ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Ọ̀fẹ́ ọ̀hún ò sì wá lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n bu ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lé àwọn èèyàn lórí láti fi ṣe ẹ̀kọ́ àti ìlera, inú bí wọn, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ 1954.

Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ 1955 yẹn. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Wọ́n tò sórí ìlà, tíṣà ní kí oníkálukú na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ọmọ ìka kan etí òsì. Tó bá kàn án, o ti dàgbà tó. Bí kò bá kàn án, padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá mi ní ọwọ́ òun ò tó o, ó ku díẹ̀ ṣín-ún, ni òun bá dọ́gbọ́n tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí etí lè wá bá ọwọ́. Tíṣà rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó gbọ́n tó báyìí, kó wọlé."

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé ọ̀fẹ́ yẹn, ti ìjọ ni wọ́n ṣì jẹ́. Ìjọba kàn ń sanwó ni. Nínú àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ológun gbà wọ́n pátápátá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè dé ní 1976, àwọn ọmọ ya wọlé, yàrá ò tó, àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Ní 1 oṣù Kẹwàá 1979 ni Lateef Jákàńdè gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, ó ní kò sí ìlọsọ́sàn-án mọ́, ó sì sáré kọ́ yàrá kalẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Àwọn alátakò ní ilé adìẹ ni. Ilé adìẹ ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ dókítà àti lọ́yà ti jáde.

Jákàńdè kan náà ló fẹ́ pa aládàáni rẹ́. Ní 26 oṣù Kẹta 1980, ìjọba rẹ̀ kọ ìwé jáde pé kò ní sí pírámárì aládàáni mọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 1 oṣù Kẹsàn-án. Ìjọ Àgùdà, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ṣáájú, gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé òfin ilẹ̀ wa fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti tan ìmọ̀ àti èrò kálẹ̀, ìjọba ò sì lè fi ìwé kan ṣoṣo ti gbogbo ilé ìwé pa. Orí ẹjọ́ yẹn ni gbogbo pátákó "Nursery & Primary" tó kún àdúgbò wa dúró lé, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ ò tiẹ̀ mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú wa ló ṣe. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, dé ní 1986, owó oṣù tíṣà di yẹ̀yẹ́, ìyanṣẹ́lódì tẹ̀ lé ìyanṣẹ́lódì. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì kó bẹ́ǹṣì sí pálọ̀ rẹ̀, ó pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi páànù fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn, ó di pírámárì. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2010 sí 2011, ilé ìwé aládàáni 12,098 ni wọ́n bá ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba rẹ̀ ti dá àwọn ilé ìwé kan padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n, nítorí náà a ti padà síbi tí De Graft wà.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ìyá ẹlẹ́ja nígbà tí ọjà tú. Mo ní tíṣà ìjọba gbọ́dọ̀ ní NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, ó kéré tán, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń san owó WAEC fún ọmọ tirẹ̀. Pé ìlànà ní ọmọ 35 ni kó wà lọ́wọ́ tíṣà pírámárì kan, ṣùgbọ́n òun náà ti rí kíláàsì ọmọ rẹ̀. Mo ní láti 2018, òfin ìpínlẹ̀ wa ti ní kí tìjọba taládàáni kọ́ ọmọ ní Yorùbá, síbẹ̀ fanákúlà làwọn aládàáni kan ṣì ń pè é, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ. (Ògù tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ nílé ńkọ́? Òfin ò mẹ́nu bà á.)

Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo lọ sí ti ìjọba, tíṣà ò sí ní kíláàsì. Ọjọ́ tí mo lọ sí ti praífẹ́ẹ̀tì, tíṣà wà, àmọ́ òun náà ṣì ń retí èsì WAEC tiẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin á parí pírámárì níbi tó wà, nítorí ó sún mọ́lé, wọ́n sì ń pe òun lórí fóònù bó bá ń ṣàìsàn. Tó bá di JSS, á lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ti ìjọba, kí owó WAEC lè kúrò lọ́rùn òun. Ó di ẹja mẹ́rin tí mo rà, ó fi ẹyọ kan lé e, ó ní kí n bá òun wo iye tí wọ́n kọ sórí bílì sáà tuntun bóyá òun kà á dáadáa.

Ó kà á dáadáa.