Wọ́n já fóònù yín gbà? Síìmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ síìmù àti láìnì ni mò ń ṣe níbí ní Abuja, àwọn tí wọ́n já fóònù wọn gbà ní Nyanya, àwọn tí one chance gbé ní Berger, àwọn tí káàdì wọn kàn ń dédé lọ, gbogbo wọn ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Nǹkan tí mo rí ni pé fóònù gan-an ló máa ń ká àwọn èèyàn lára, wọ́n á sáré lọ sí Banex, ọjà fóònù, lọ wò ó bóyá wọ́n ti ń tà á níbẹ̀, wọ́n á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, á di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rántí síìmù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, síìmù lẹ máa kọ́kọ́ tì. Fóònù ti lọ nìyẹn, owó tó wà ní báǹkì ò tíì lọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ ti fi password sí fóònù, olè ò lè ṣí i, kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, á yọ síìmù, á kì í bọ fóònù alátọ́ọ̀ṣì tó wà lápò ẹ̀, láìnì yín ti dọwọ́ ẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà yẹn lẹ fi ṣe BVN, tó bá tẹ *565*0#, BVN yín á jáde sí i lójú. Tó bá tẹ *346#, NIN náà á jáde tó bá jẹ́ òun lẹ fi forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn á lọ sórí áàpù báǹkì, á ní òun gbàgbé password, báǹkì á fi OTP ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n máa ń fi text ránṣẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ibo sì ni OTP ọ̀hún ń lọ? Orí síìmù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ náà ni. Kódà tí kò bá rí ti báǹkì ṣe, á fi láìnì yín yá káàdì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba láìnì padà tẹ́ ẹ ra káàdì sí i wọ́n á yọ gbèsè tẹ́ ò jẹ. Á tún gbé WhatsApp yín sórí fóònù ẹ̀, á máa tọrọ owó lọ́wọ́ Mọ́mì ní Ìlọrin.

Nǹkan tó máa dí gbogbo eléyìí lọ́nà ò ná yín ní kọ́bọ̀. Síìmù fúnra ẹ̀ ní píìnì tiẹ̀, ó yàtọ̀ sí password fóònù, ó yàtọ̀ sí píìnì báǹkì. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ẹni tó bá kì í bọ fóònù míì ò lè fi pe èèyàn, OTP kankan ò sì lè wọlé, àyàfi tó bá mọ píìnì yẹn. Lórí Android ẹ wọ Settings, ẹ wá SIM lock níbi Security, lórí iPhone ẹ wá SIM PIN níbi Cellular tàbí Mobile Data. Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú o! Síìmù ti ní píìnì kan tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ẹ pe 300, nọ́ńbà àwọn tó ni nétíwọ́ọ̀kì yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n, ẹ má máa dán èyí wò dán tọ̀hún wò, torí tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré á ní kẹ́ ẹ mú PUK wá, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà lára páálí síìmù, tẹ́ ẹ bá wá ṣi PUK náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù yẹn kú pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ti rí i wọlé ẹ yí i sí nọ́ńbà míì, kì í ṣe 1234, kì í ṣe ọdún tí wọ́n bí yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pa fóònù tẹ́ ẹ tún tàn án nìkan ló máa béèrè ẹ̀, kò ní dà yín láàmú. Ẹ tún lọ tan two-step verification lórí WhatsApp, ìyẹn píìnì tí WhatsApp fúnra ẹ̀ máa ń béèrè, kẹ́ ẹ sì ṣe é kí text má máa hàn lójú fóònù tó wà ní títì, torí OTP ń hàn níbẹ̀ ketekete.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kano àti Kaduna mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kwacen waya, ìyẹn jíjá fóònù gbà, ọ̀bẹ ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní fóònù, ẹ̀mí ò ní ààrọ̀. Ẹ wá ẹni tó ń lo nétíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú yín, ẹ fi fóònù ẹ̀ pe 300, ẹ ní kí wọ́n bulọ́ọ̀kù láìnì yẹn. Lójú ẹsẹ̀ ẹ fi fóònù ẹ̀ náà ti báǹkì: ti GTBank ni *737*51*74#, ti Zenith ni *966*911#, báǹkì yòówù kẹ́ ẹ máa lò ẹ béèrè tiẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nílé, kì í ṣe sínú fóònù. Ìgbà yẹn lẹ tó máa lọ ṣe welcome back, ìyẹn kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà yín padà sórí síìmù tuntun, ẹ mú NIN yín dání, wọ́n lè bi yín láwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa ń pè. Ti ọlọ́pàá àti àfídáfíìtì náà ṣe pàtàkì, IMEI ni wọ́n máa béèrè, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń jáde tẹ́ ẹ bá tẹ *#06#, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ yín. Google àti Apple lè bá yín ti fóònù láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n sì fi ibi tó wà hàn yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá lọ bá olè níbẹ̀. Tó bá jẹ́ iPhone, text máa wọlé lọ́jọ́ díẹ̀ sí i pé wọ́n ti rí i, ẹ tẹ líǹkì yìí: olè ló fi ránṣẹ́, password yín ló ń wá kó lè rí i tà.

Àwọn kan wà tí wọn ò já fóònù gbà, wọ́n kàn ń jẹ káàdì yín díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan á yọ lójú fóònù, ọmọ á tẹ OK, ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún ìròyìn bọ́ọ̀lù nìyẹn, wọ́n á máa yọ owó lójoojúmọ́. Àwọn bàbá àti màmá wa ló ń jìyà ẹ̀ jù, inú sì máa ń bí mi tí mo bá rí i. Ẹ bá wọn tẹ *305#, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. STOP tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, text ìpolówó ló ń dí, kì í yọ yín kúrò nínú èyí tẹ́ ẹ ti wọ̀. Tó bá ṣì ń yọ, ẹ pe 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn nétíwọ́ọ̀kì, 622 ni, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo owó tó lọ kọ́ ni olè jíjà sha: láti 2025 ni N6.98 tí wọ́n ń gbà tẹ́ ẹ bá lo kóòdù báǹkì ti ń jáde látinú káàdì yín, lóṣù January ọdún yẹn náà ni NCC gbà kí owó ìpè àti dátà gòkè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra fóònù àlòkù ní Wuse tàbí ní Farm Centre ní Kano, ẹ tẹ *#06# kó bá ti ara páálí àti rìsíìtì mu, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ àkáǹtì Google tàbí iCloud ẹ̀ kúrò níṣojú yín. Tó bá ní password yẹn ò sí lọ́wọ́ òun, kó di ọ̀la, ẹ kó owó yín, ẹ máa lọ.