Kí Ló Dé Tí Gàrí Tí A Fọwọ́ Ara Wa Yan Fi Máa Ń Níyì Lójú Wa Ju Ti Ọjà Lọ?

Ìbéèrè: Ìyá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ra gàrí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tó ń mu, kò sì sí gàrí ọjà tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ àwa ọmọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Ṣé inú gàrí náà ni adùn yìí wà ni?

Ìdáhùn: Ó lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kíkan ni a fi mọ gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀gẹ́ tí a ti rin sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kan dáadáa. Ẹni tó ń kánjú ọjà lè má dúró tó bẹ́ẹ̀. Ìyá yín ń dúró.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní gàrí méjèèjì rí bákan náà, tirẹ̀ ni yóò ṣì wù ú jù. Ní 2012, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Michael Norton, Daniel Mochon àti Dan Ariely, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi bébà ṣe ẹyẹ tàbí ọ̀pọ̀lọ́, kí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n lè fi ra ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn tó ṣe é fẹ́ san nǹkan bíi sẹ́ńtì 23 owó Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn tí kò bá wọn ṣe é kò fẹ́ san ju nǹkan bíi sẹ́ńtì 5 lọ fún iṣẹ́ kan náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iye tí àwọn aláìmọṣẹ́ wọ̀nyí fi sí tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ́ńtì 27 tí àwọn ènìyàn fi sí iṣẹ́ àwọn ọ̀gá nínú bébà kíká.

Ìbéèrè: Ṣé ìyà tí a jẹ lórí nǹkan ló ń sọ ọ́ di iyebíye nìyẹn?

Ìdáhùn: Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ìyà nìkan kò tó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yìí dá àwọn kan dúró kí iṣẹ́ wọn tó parí, tàbí tí wọ́n mú kí àwọn mìíràn tú ohun tí wọ́n ti tò pọ̀ ká, iyì náà kò sí mọ́. Lójú tèmi, ohun tí ìyá yín ń rí nínú abọ́ gàrí yẹn ni pé ọwọ́ òun ló bó o, tó fún omi rẹ̀, tó sẹ́ ẹ, tó sì jókòó ti agbada nínú èéfín títí gàrí fi gbẹ.

Ìbéèrè: Ṣé kí a jẹ́ kó mọ̀ pé tirẹ̀ kò yàtọ̀?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ fún jíjẹ nílé, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ gbé e lọ tà ní ọjà Òkè-Àjẹ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí àwọn tó ká bébà yẹn rò pé ojú tí àwọn fi ń wo iṣẹ́ àwọn ni gbogbo ayé yóò fi wò ó. Ẹ gbé díẹ̀ fún aládùúgbò kan kó díye lé e, kí ẹ má sì sọ ẹni tó yan án.