Kí Ẹ Tó Gbé Kámẹ́rà Wọ Ìsọ̀ Ọ̀rẹ́ Yín

Bí aláró bá fa aṣọ funfun jáde nínú ìkòkò ẹ̀lú, aṣọ náà kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, bí ewé tó fẹ́ máa pọ́n. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni aró yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, láti etí aṣọ wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di aró lójú ẹni. Rírì àkọ́kọ́ ló ń hàn jù, nítorí aṣọ ṣì funfun. Kì í pẹ́ rárá.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fídíò, màmá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ní kí n wá ya iṣẹ́ òun. Mo débẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tí mo yá, mo sì ya gbogbo ohun tí ojú mi rí: pátákó ìsọ̀, ìkòkò, ewé ẹ̀lú, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Nígbà tí màmá tẹ ọwọ́ bọ ìkòkò láti fa aṣọ jáde, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mo ń pààrọ̀ bátìrì. Kí n tó gbójú sókè, aṣọ ti di aró.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.”

Wọ́n wò mí. “Aṣọ tó ti mu aró, ọmọ mi, ṣé a lè ní kó pọ̀ ọ́ ni?”

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó tún ní aṣọ funfun láti rì. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò yọ kámẹ́rà nínú àpò títí mo fi jókòó pẹ̀lú wọn, tí mo béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, tí mo sì rí ibi tí ọwọ́ wọn máa ń gbà jáde. Mo gbé kámẹ́rà lé orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀kánkán ibẹ̀, mo fi bátìrì tó kún sí i, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 38 ni aṣọ náà fi yí padà nínú fídíò yẹn, mi ò gé ibì kan nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo yà lọ́dún náà, òun ni àwọn èèyàn ṣì ń bi mí léèrè títí dòní.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí l'Óṣogbo ló rò pé kámẹ́rà ni ìṣòro wọn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tó fẹ́ kí wọ́n ya fídíò ìsọ̀ àwọn náà rò bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tí ọwọ́ oníṣẹ́ ń ṣe tí oníbàárà kò rí rí. Lára télọ̀, ó lè jẹ́ bó ṣe ń to òdòdó léèsì kí apá ọ̀tún àti tòsì lè bára mu níbi ojú rírán. Lára alámàlà, ó lè jẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń yí orógùn nígbà tí èlùbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi gbígbóná. Ẹ wá ohun náà rí ṣáájú. Òun ni fídíò yín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyókù yóò dúró sí.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú, lọ́wọ́ òfo, fún bíi wákàtí kan. Mo máa ń béèrè pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a kò lè tún ṣe. Mo tún máa ń béèrè ìbéèrè tó ti sú wọn láti máa dáhùn lọ́wọ́ oníbàárà. Màmá aládìrẹ ní, “Ṣé kò ní ṣí? Ohun tí gbogbo wọn ń béèrè nìyẹn.” Nítorí náà a ya ibi tí wọ́n ti ń ṣan aṣọ náà nínú omi, léraléra, títí omi fi mọ́, a sì jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé kí ẹni tó bá rà á fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo, àdìrẹ kò sì wọ́n lórí ẹ̀rọ ayélujára. Fídíò tó dá oníbàárà lóhùn ló wọ́n.

Nítorí ohun ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni mi ò fi fara mọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe máa ń sáré lọ fi ọdún Ọ̀ṣun ṣe ìdánrawò nínú oṣù kẹjọ. Igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe ibi kékeré. Láti ọdún 2005 ni UNESCO ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Arugbá kò ní dúró dè yín kí ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà. Ẹ fi ìsọ̀ kọ́ iṣẹ́ ná, níbi tí wọ́n á ti gbà yín láyè lọ́la bí tòní bá bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá máa lọ sódò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ibẹ̀, kí ẹ sì dúró síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, àwọn ọ̀rẹ́ ló sì máa ń le jù pẹ̀lú wọn. Fídíò kejì tí mo ṣe, ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba ni. A kò sọ iye, a kò sọ ọjọ́, a kò sọ bó ṣe máa gùn tó. “Ṣebí ìwọ náà ni,” ló wí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà mọ́kànlá ló ní kí n tún un ṣe. Ó ní kí n yọ apá ibẹ̀ yẹn, ó ní kí n dá a padà, ó ní orin yẹn kò dùn, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kí n fi nọ́ńbà fóònù kún un. Kò ṣe mí ní ibi kankan. Kò mọ̀ ni pé gbogbo “tún un ṣe díẹ̀” yẹn, alẹ́ kan ni mo fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kò sọ fún un. A kò kí ara wa dáadáa fún oṣù mélòó kan, ó sì dùn mí gan-an.

Láti ìgbà náà, bó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ ṣe é, mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí n tó gbé ẹsẹ̀: fídíò kan, ìṣẹ́jú kan, àtúnṣe méjì péré, ọjọ́ báyìí ni màá gbé e wá. Ẹni náà yóò dáhùn pé “mo gbà,” ó parí. Ẹni tó jẹ́ àgbà, màá kọ́kọ́ lọ bá a sọ ọ́ lójúkojú, torí kò dáa kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kàn já lu àgbà lójijì, lẹ́yìn náà ni màá wá kọ ọ́ ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pàṣípààrọ̀ ni, bí ìgbà tí télọ̀ bá ní òun yóò rán bùbá àti ṣòkòtò fún mi, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì mọ iye tí aṣọ náà jẹ́ àti iye tí fídíò náà jẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mẹ́ta tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, lójú tèmi. Kí ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ìkẹta jẹ́ èyí tí èèyàn pọ̀ níbẹ̀, bí ìsọmọlórúkọ tàbí ìṣílé. Ẹ ti rí ohun tí ẹ máa fi han oníbàárà nìyẹn. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé fídíò ìṣẹ́jú kan tí ẹ rí yẹn, ààbọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi yà á, ó sì lè gba ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gé e, tò ó, tún àwọ̀ àti ohùn rẹ̀ ṣe. Epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà kò sí nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ohùn, torí ibẹ̀ ni fídíò àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń kú. Alámàlà kan ní Òkè-Fíà sọ ìtàn bó ṣe gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ fún mi. Ó sọ ọ́ dé ibi tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo délé, ariwo ẹ̀rọ ìlọlùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ ẹ̀rọ yẹn rárá! Etí èèyàn máa ń ṣa ohùn tó bá fẹ́ gbọ́, ó máa ń da ìyókù nù. Máìkì kò mọ èyí tó ṣe pàtàkì. Ohun tó bá sún mọ́ ọn jù, tó bá sì pariwo jù, òun ló ń gbé.

Ọ̀nà àbáyọ kò gba owó púpọ̀. Ẹ fi máìkì sí ìtòsí ẹnu, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì sí i. Bí ẹ kò bá ní máìkì aláìlókùn, ẹ wá fóònù kejì, ẹ ki okùn etí tó ní máìkì bọ̀ ọ́, ẹ fi máìkì náà há ọrùn aṣọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ fi fóònù sí àpò rẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má bàa wọlé. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé nínú àwòrán àti ibi tí ohùn ti ta nínú fóònù, ẹ kàn gbé wọn lé ara wọn, ẹnu àti ọ̀rọ̀ yóò bára mu. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ gba ohùn ibẹ̀ lásán. Ẹ máa nílò rẹ̀ láti fi dí ibi tí ẹ bá gé.

Ti ẹlẹ́rọ yẹn ńkọ́? Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba náà. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ẹ kú làálàá.” Mo ṣàlàyé, mo tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní pípa fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n tún wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń gbọ́ ìtàn náà.

Ìmọ́lẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá mọ ohun tí kámẹ́rà ń rò. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló fẹ́ kó wà láàárín dúdú àti funfun. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun tó gba gbogbo ojú àwòrán, kámẹ́rà yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ìyàwó yóò sì ṣókùnkùn. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò títí yóò fi tì í pa síbẹ̀. Àwọ̀ ara wa ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Ọ̀sán gangan kò dáa níta, ẹ gbé oníṣẹ́ wá sábẹ́ ìbòòji ẹnu ọ̀nà kó kọjú síta. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń jẹ́ kí oòrùn rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ ẹ kúrò lójú dígí, ẹ má fi aṣọ nù ún. Bó bá jẹ́ abẹ́ gílóòbù iná mànàmáná ni ẹ ti ń yà tí àwòrán ń ṣẹ́jú, iná tiwa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50, kí àwòrán sì jẹ́ 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, yóò dúró jẹ́ẹ́.

Orin: ẹ má mú orin olórin sí fídíò ìpolówó láìgba àṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 kò fàyè gbà á, Facebook náà lè pa ohùn fídíò yín. Onílù àdúgbò wà. Mo ti san owó fún onígángan kan rí, ohùn rẹ̀ bá ìsọ̀ náà mu ju orin èyíkéyìí tí mo lè jí lọ.

Bí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí document. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp yóò fún un pọ̀ kó lè kéré, ojú àwòrán yóò sì ṣú. Ẹ ṣe ọ̀kan tó dúró lóòró fún status, ẹ ṣe ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ fún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán inú ìsọ̀ bí wọ́n bá ní.

Ó ku ọ̀kan. Oníbàárà yóò ní, “Gbogbo èyí tí o yà ńkọ́? Kó o fún mi.” Kámẹ́rà tó ń ya 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere gan-an, ní 100 megabit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi gigabyte 45 ni wákàtí kan yóò gbà, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì yẹ kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Mi ò lè máa gbé e fún gbogbo èèyàn títí ayé. Mo máa ń sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà ni màá fi tọ́jú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbé disk wá kó o. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, màá pe ẹni náà. Màmá aládìrẹ nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fa aṣọ jáde yẹn, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.