Gbòǹgbò Ló Ni Ọ̀rọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbin Òdòdó Pọ́pì àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Lọ́ Ọ

Ẹni tó bá rọra fa ọmọ pọ́pì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé mẹ́rin tu, gbòǹgbò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ewé ọ̀hún lè má ju èékánná lọ, síbẹ̀ gbòǹgbò ti gùn jù ú lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó tín-ín-rín bí òwú, ó sì lọ tààrà sísàlẹ̀. Kò ní ẹ̀ka gbòǹgbò rẹpẹtẹ bíi ti tòmátò, tó jẹ́ pé bí díẹ̀ bá já, èyí tó kù á máa fa omi lọ. Bí ẹyọ kan yìí bá ṣẹ́, ọmọ pọ́pì kò ní ohun tí yóò fi mumi mọ́. Á rọ, kì í sì í sábà jí.

Ibẹ̀ ni gbogbo òfin tó de gbígbin pọ́pì ti ṣẹ̀. Tòmátò ṣeé gbìn sójú kan kí wọ́n tó lọ́ ọ síbi tí yóò dàgbà sí. Pọ́pì ní tirẹ̀, ibi tí irúgbìn rẹ̀ bá bọ́ sí ló fẹ́ hù sí, ibẹ̀ náà ló fẹ́ gbó sí. Nítorí náà, ojú ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ rí òdòdó gan-an ni wọ́n ń fọ́n irúgbìn sí.

Irúgbìn náà kéré bí eruku. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kí ojú lè rí ibi tí ọwọ́ ti dé, kí irúgbìn má sì ṣù jọ síbì kan. Wọn kì í wa ilẹ̀ bò ó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i, èyí tí wọ́n bá sì rì mọ́lẹ̀ á kàn sùn síbẹ̀ ni. Àtẹ́lẹwọ́ tàbí pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè fara kan ilẹ̀, kí wọ́n tó wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Omi tó bá dà wìì á wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ilẹ̀ tútù ló ń fẹ́ láti hù, ní nǹkan bíi 15°C, nítorí náà ìgbà ìwọ́wé tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni wọ́n sábà ń fọ́n ọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó yọrí, kí ẹnikẹ́ni má sì tíì máa fọwọ́ tú ilẹ̀ wò.

Oorun irúgbìn yìí kì í ṣe àsọdùn. Irúgbìn pọ́pì pupa inú oko, Papaver rhoeas, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhù, títí ohun kan yóò fi hú ilẹ̀ náà tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì tàn sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù àti àríwá Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láàárín 1914 sí 1918, nìyẹn. Àgbá àti kòtò ogun tú ilẹ̀ oko palẹ̀, pọ́pì sì pọ́n lọ rẹrẹ níbi tí ìjà ti wáyé.

Bí wọ́n bá hù tán, iṣẹ́ tó máa ń dun ológbà ló kàn: dídín wọn kù. Àwọn tó hù máa ń pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ, àwọn tó bá sì fún mọ́ra á tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó wọn á kéré. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Àlùmọ́gàjí ló dáa jù láti fi gé èyí tí wọn kò fẹ́ nídìí, nítorí bí wọ́n bá fà á tu, gbòǹgbò ẹnikejì rẹ̀ á mì. Yàtọ̀ síyẹn, wàhálà pọ́pì kò pọ̀. Oòrùn bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí ti tó o. Ajílẹ̀ tó bá pọ̀ jù, ewé ló máa fi ṣe, òdòdó ò ní tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n nígbà míì, kò sí bí wọn kò ṣe ní lọ́ ọ. Ìgbín lè máa jẹ ọmọ pọ́pì tán kó tó di òwúrọ̀, tàbí kí ìrì dídì má tíì lọ. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n gbìn ín sínú ohun tí yóò bá a wọlẹ̀, kó má baà mọ̀ pé wọ́n gbé òun. Páálí róbótó tí wọ́n ń wé tíṣù mọ́ dára fún èyí gan-an, torí ó jìn tó fún gbòǹgbò láti na ẹsẹ̀. Wọ́n á tò wọ́n dúró sínú tíréè, wọ́n á rọ ilẹ̀ sí wọn, wọ́n á fi irúgbìn méjì mẹ́ta sójú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dá ẹyọ kan sí nígbà tó bá yá. Inú tíréè ni wọ́n ń bu omi sí, kì í ṣe orí ewé.

Àsìkò tó dára láti lọ́ ọ kò gùn: bó bá ti ní ewé gidi méjì sí mẹ́rin, ìyẹn àwọn tó yọ lẹ́yìn ewé tó kọ́kọ́ jáde látinú irúgbìn, tí gbòǹgbò kò sì tíì yọ nídìí páálí. Wọ́n á kọ́kọ́ máa gbé e síta díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ara rẹ̀ lè mọ́ afẹ́fẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí oòrùn kò mú ni wọ́n wá ń gbé páálí àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan kékeré kan wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: bí etí páálí bá yọ sókè ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́, á sì máa fa omi kúrò nídìí ọmọ pọ́pì. Kí wọ́n rì í bọlẹ̀ pátápátá, tàbí kí wọ́n ya etí ọ̀hún dànù.

Ti irú pọ́pì kan tí wọ́n ń pè ní Papaver orientale yàtọ̀, torí òun kì í kú lẹ́yìn ọdún kan. Lẹ́yìn tó bá tan òdòdó tán, ewé rẹ̀ á pọ́n, á rọ sílẹ̀, ojú ibẹ̀ á ṣófo láàárín ìgbà ooru. Ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn ín ló ti hú u dànù nítorí èyí, wọ́n ní ó ti kú. Oorun ló ń sùn. Àsìkò oorun yìí gan-an, ní apá ìparí ìgbà ooru, ló dára jù láti lọ́ ọ. Gbòǹgbò tó máa ń bínú nígbà tí ewé ń béèrè omi kò ní ẹni tó ń rán an níṣẹ́ mọ́, kò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n gbé e. Jíjìn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ sanra bí ìka, ó sì tètè ń ṣẹ́. Wọ́n á gbìn ín kí orí rẹ̀ wọlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún. Ó lè má yọ òdòdó lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Gbòǹgbò rẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ á tún hù, nítorí náà ibi tí wọ́n ti hú pọ́pì yìí kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi èyí jèrè: wọ́n á gé gbòǹgbò tó nípọn bíi pẹ́ńsù sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ, wọ́n á gé òkè rẹ̀ tẹ́jú, wọ́n á sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tí wọ́n bá ń gbìn ín.

Ní ti irú pọ́pì mìíràn, Papaver somniferum, tí wọ́n ń rí oògùn olóró tó ń jẹ́ opium nínú oje rẹ̀, òfin orílẹ̀-èdè kan fàyè gbà á nínú ọgbà, ti òmíràn kò gbà á rárá. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín kọ́kọ́ wádìí òfin ibi tó ń gbé.

Bí ewé òdòdó bá rẹ̀, agbè kékeré kan ló máa ń kù lórí igi, ó ní ìdérí bí ìkòkò. Nígbà tó bá gbẹ, ihò wẹ́wẹ́ á ṣí yí abẹ́ ìdérí náà ká, irúgbìn inú rẹ̀ á sì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí wọ́n bá mì í. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn á gé e nígbà náà, á da orí rẹ̀ kodò sínú báàgì bébà. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé sórí ìdúró, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbọ̀n ọ́n síbi tó bá wù ú.