Ìdíje Ìpegedé Ẹkùn Áfríkà fún Ife Àgbáyé T20 Àwọn Ọkùnrin

Ìdíje Ìpegedé Ẹkùn Áfríkà ni ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà ti ń bára wọn figagbága kí wọ́n tó lè dé Ife Àgbáyé T20 ti àwọn ọkùnrin. Àjọ Kíríkẹ́ẹ̀tì Àgbáyé, ICC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dùbáì, ló ń ṣètò rẹ̀. Láti ọdún 2024, ikọ̀ 20 ló ń kópa nínú Ife Àgbáyé náà. Nínú ìdíje ti 2024 àti ti 2026, ààyè 2 péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá gba ọ̀nà ìpegedé Áfríkà wọlé. Orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, tí kò ní àǹfààní ìwọlé tààrà, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń gbá T20

Nínú ẹ̀yà kíríkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí orílẹ̀-èdè ń bá orílẹ̀-èdè gbá, T20 ló kúrú jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Test, tí orílẹ̀-èdè díẹ̀ péré ní àṣẹ láti gbá, lè gba ọjọ́ márùn-ún, èkejì ń gba odindi ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n T20 kì í sábà ju wákàtí mẹ́ta àti ìdajì lọ. Ọdún 2005 ni Australia àti New Zealand gbá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè àwọn ọkùnrin, ní ìlú Auckland.

Ènìyàn 11 ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ikọ̀ kan bá di bátì mú, ikọ̀ kejì ni yóò máa ju bọ́ọ̀lù, tí yóò sì máa lé e kiri pápá. Tó bá yá, wọ́n á pààrọ̀. Bọ́ọ̀lù 6 tí ẹnì kan bá jù tẹ̀lé ara wọn ni óvà kan. Óvà 20, ìyẹn bọ́ọ̀lù 120, ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ajubọ́ọ̀lù kan kò sì gbọdọ̀ ju óvà tó lé ní 4.

Láàárín pápá ni ilẹ̀ tóóró kan wà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló dúró ní orí rẹ̀ méjèèjì, àwọn ni wíkẹ́ẹ̀tì. Ajubọ́ọ̀lù á sáré bọ̀, apá rẹ̀ á gba òkè orí yí kọjá, bọ́ọ̀lù á ta lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì dojú kọ ẹni tó di bátì mú. Kí olúwarẹ̀ tó ṣẹ́jú, ó ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá òun á gbá a ni, òun á dènà rẹ̀ ni, àbí òun á jẹ́ kó kọjá lọ. Àwọn kan máa ń ju èyí tó ń yára bí ọta ìbọn. Àwọn mìíràn máa ń ju èyí tó rọra ń bọ̀, ṣùgbọ́n tó ń pòòyì. Ẹni tó bá ta òkòtó rí ní kékeré yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí: ìka ló ń fi agbára sí i, ibi tó bá ti fara kan ilẹ̀ ló ti ń yà bàrá síbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí.

Rọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ka ayò. Bí àwọn méjì tó di bátì mú bá sáré pààrọ̀ ààyè, rọ́ọ̀nù 1 nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tó bá yí nílẹ̀ dé ààlà pápá jẹ́ 4; èyí tó bá fò kọjá ààlà láìkan ilẹ̀ jẹ́ 6. Bí bọ́ọ̀lù bá wó wíkẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní pápá bá hán an kó tó balẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde. Bí ènìyàn 10 bá jáde, eré ikọ̀ náà parí, bí óvà tilẹ̀ ṣẹ́ kù.

Nínú ìdíje ìpegedé, pọ́ìntì 2 ni ẹni tó bá borí ń gbà. Bí ikọ̀ méjì bá dọ́gba, ìwọ̀n rọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà fi ń yà wọ́n. Wọ́n á pín iye rọ́ọ̀nù tí ikọ̀ kó jọ sí iye óvà tó lò, wọ́n á sì yọ ti alátakò kúrò nínú rẹ̀. Ikọ̀ tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ bá jáde, óvà 20 pé ni wọ́n á fi pín tirẹ̀, ì báà jẹ́ óvà 7 ló lò. Ìdí nìyí tí ikọ̀ tó ti hàn gbangba pé ó máa borí kì í fi í dẹwọ́. Ẹni tí kò bá mọ òfin yìí lè rò pé ìkà ni wọ́n ń ṣe.

Láti Lagos dé Windhoek

Ìdíje yìí kò dúró sójú kan. Iye ìpele rẹ̀ àti iye ikọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ní oṣù Igbe ọdún 2018, Lagos gba àlejò ìpele ìsàlẹ̀ fún apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí Nàìjíríà àti Ghana ti tẹ̀ síwájú, tí Gambia àti Sierra Leone sì dúró. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, ICC fún gbogbo orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láṣẹ kí eré T20 tí wọ́n bá gbá láàárín ara wọn máa wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Eré àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá lábẹ́ òfin tuntun yìí wáyé ní ọjọ́ 20, oṣù Èbìbí ọdún 2019, pẹ̀lú Kenya, ní Kampala, níbi àṣekágbá ẹkùn Áfríkà ọdún náà. Namibia ló gbégbá orókè, Kenya ṣe ìkejì, Nàìjíríà ṣe ìkẹta.

Ipò kẹta kò tó láti tẹ̀ síwájú. Àmọ́ nígbà tó di oṣù Agẹmọ, ICC fi òfin de Zimbabwe nítorí bí ìjọba ṣe ń tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n sì fi Nàìjíríà rọ́pò rẹ̀ nínú ìdíje ìpegedé àgbáyé tó wáyé ní Dùbáì àti Abu Dhabi. Ademola Onikoyi ni balógun ikọ̀ náà. Nàìjíríà kò rí ẹyọ eré kan borí níbẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a ka ìrìn àjò náà sí ohun ńlá, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ líle lọ kojú Ireland, tó ti wà lára àwọn tó ń gbá Test nígbà náà.

Ní 2021, Kigali ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ẹkùn, Uganda ló sì borí. Èyí tó tẹ̀lé e, ní Windhoek ní oṣù Bélú ọdún 2023, ló yí ojú tí ayé fi ń wo ìdíje yìí padà. Ikọ̀ 7 ló wà níbẹ̀: Namibia, Uganda, Zimbabwe, Kenya, Nàìjíríà, Tanzania àti Rwanda. Gbogbo wọn gbá pẹ̀lú ara wọn, àwọn méjì tó bá wà lókè ló máa lọ. Zimbabwe ni gbogbo ènìyàn fọkàn sí, nítorí òun nìkan ló ń gbá Test láàárín wọn. Namibia nà án. Ní ọjọ́ 26, Uganda náà fi wíkẹ́ẹ̀tì 5 nà án, ìyẹn ni pé nínú ènìyàn 10 tó lè jáde, 5 ṣì kù nígbà tí rọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá ti Zimbabwe. Nígbà tí ìdíje parí, Namibia àti Uganda ló wọlé, Zimbabwe sì padà sílé.

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2024, Uganda gbá Ife Àgbáyé T20 àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ palaba ìyà lọ́wọ́ West Indies, tó mú gbogbo wọn jáde ní rọ́ọ̀nù 39. Ṣùgbọ́n ní Guyana, wọ́n borí Papua New Guinea, tí wọ́n dá dúró sí 77. Frank Nsubuga, tó ti pé ẹni ọdún 43, ló ju óvà 4 lọ́jọ́ náà: bọ́ọ̀lù 24, rọ́ọ̀nù 4 péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú ènìyàn méjì jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Uganda kí ọ̀nà tó là.

Ìdíje fún Ife Àgbáyé 2026

Èyí ló ní ikọ̀ tó pọ̀ jù. Gúúsù Áfríkà kò bá wọn dé ibẹ̀, nítorí ó ti gba ààyè tirẹ̀ láti Ife Àgbáyé 2024, níbi tó ti dé àṣekágbá. Ikọ̀ 18 ló bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà ní ìlú mẹ́ta. Ní Dar es Salaam, Tanzania àti Malawi ló yege; ní Nairobi, Zimbabwe àti Kenya ni; ní Abuja, Nàìjíríà àti Botswana ni. Namibia àti Uganda, tí wọ́n ti dé Ife Àgbáyé 2024, ń dúró dè wọ́n lókè.

Nairobi ni Zimbabwe ti gbá eré tí wọ́n ń sọ káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 23, oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, wọ́n kó rọ́ọ̀nù 344 jọ lórí Gambia, ènìyàn 4 péré ló sì jáde. Kò tíì sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè tó kó tó bẹ́ẹ̀ rí nínú T20 títí di ọjọ́ náà. Balógun wọn, Sikandar Raza, dá 133 gbá nínú bọ́ọ̀lù 43 láìjáde. Gambia rí 54.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ó kan Abuja. Nàìjíríà, Botswana, Sierra Leone, Eswatini, Saint Helena àti Côte d'Ivoire ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù Bélú, Nàìjíríà di bátì mú ṣáájú, ó sì kó 271. Selim Salau nìkan gbá 112, kó tó fínnúfíndọ̀ kúrò kí ẹlòmíràn lè wọlé. Isaac Okpe gbá 65 láìjáde. Nígbà tó kan Côte d'Ivoire, óvà 7 àti bọ́ọ̀lù 3 ni gbogbo wọn fi jáde. Rọ́ọ̀nù 7 ni wọ́n rí. Isaac Danladi àti Prosper Useni mú ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta jáde. Iye tó kéré jù tí ikọ̀ ọkùnrin kankan ti rí nínú T20 láàárín orílẹ̀-èdè ṣáájú ọjọ́ náà ni 10, tí Isle of Man àti Mongolia jọ ní.

Bí a bá fi òfin ìwọ̀n rọ́ọ̀nù ṣírò eré yẹn nìkan, 271 tí a pín sí 20 jẹ́ 13.55, 7 tí a pín sí 20 jẹ́ 0.35. Ohun tí Nàìjíríà jèrè nínú ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ́ 13.20. Àmọ́ 7 yẹn kì í ṣe ohun tó yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdíje àkọ́kọ́ tí Côte d'Ivoire gbá ní ìpele yìí nìyẹn. Ilẹ̀ tí Faransé ti ṣàkóso rí, tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gbòde níbẹ̀, kó ọ̀dọ́kùnrin 11 jọ fún eré tí àwọn ará ilé wọn kò mọ̀, wọ́n sì jáde wá gbá a. Nàìjíríà pàápàá mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn lọ sí Dùbáì kó má borí lẹ́ẹ̀kan.

Harare, ní ìparí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà 2025, ni àwọn 8 tó kù ti pàdé, ní ìsọ̀rí méjì. Àwọn méjì tó ṣíwájú ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló wọ ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Ìpele yẹn gan-an ni ẹjọ́ wà: ẹni tó bá borí níbẹ̀ ti wọ Ife Àgbáyé, ẹni tó bá pàdánù ti lọ sílé. Zimbabwe na Kenya. Namibia na Tanzania. Ní àṣekágbá ọjọ́ 4, oṣù Ọ̀wàrà, Zimbabwe fi wíkẹ́ẹ̀tì 7 na Namibia, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti gba ìwé ìrìnnà Íńdíà àti Sri Lanka ṣáájú. Ti Kenya ló dunni jù. Orílẹ̀-èdè tó ti dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Ife Àgbáyé ọlọ́jọ́ kan ní 2003, tó sì wà níbi Ife Àgbáyé T20 àkọ́kọ́ ní 2007, kò tíì padà sí ti T20 láti ìgbà náà.

Ìdíje náà àti Abẹ́òkúta

Wọn kò tíì gbá ìdíje yìí ní Abẹ́òkúta rí. Síbẹ̀, orúkọ ọmọ Ẹ̀gbá wà lára ibi tí wọ́n ti gbá a. Pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè tó wà ní Abuja, tí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì wà nínú ọgbà rẹ̀, ń jẹ́ Moshood Abiola láti ọjọ́ 12, oṣù Òkúdù ọdún 2019. Orúkọ ọkùnrin kan náà ló wà lára pápá ìṣeré Kútọ̀ nílùú tí wọ́n ti bí i.

Ní Kútọ̀, Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Lafẹ́nwá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló gba ilé ìwòran kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Nàìjíríà ṣe ń ṣe nínú ìdíje ìpegedé, orí fóònù ni yóò ti máa wò ó, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ rí ni nọ́ńbà. Bí ó bá rí 271/4, èyí tó ṣíwájú ni rọ́ọ̀nù, èyí tó tẹ̀lé e ni iye ènìyàn tó ti jáde. Bí ó bá rí 12.3 níwájú óvà, kì í ṣe ìdá mẹ́wàá: óvà 12 ti pé, bọ́ọ̀lù 3 ti wọ inú ìkẹtàlá. Ẹni tó bá mọ méjì yìí lè bá eré rìn láìrí àwòrán kankan.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí pápá tí ikọ̀ Nàìjíríà ti ń gbá eré láàárín orílẹ̀-èdè, Lagos ló sún mọ́ ọn jù. Ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé èrò láti ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Laderin dé ti Mobolaji Johnson ní Alágọ́mẹ́jì, Yunifásítì Lagos ní Akọkà kò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́. Ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì yunifásítì náà, ní ọjọ́ 24, oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, Peter Aho ju bọ́ọ̀lù sí Sierra Leone, ó sì mú ènìyàn mẹ́fà jáde fún rọ́ọ̀nù 5, mẹ́ta nínú wọn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. Títí di ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kankan kò tíì ṣe irú rẹ̀ nínú T20 láàárín orílẹ̀-èdè.