Bí Iná Alùpùpù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Wo Inú Kọ́nà

Ẹni tó bá ti gun alùpùpù lóru rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Títì nà tàntàn níwájú yín, iná mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo ihò àti òkúta ojú ọ̀nà ló hàn. Àfi bí kọ́nà bá dé. Bí ẹ bá ti tẹ alùpùpù sápá òsì, iná náà á bá a tẹ̀. Ìlà tó pààlà sáàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, tó tẹ́ rẹrẹ tẹ́lẹ̀, á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òṣùwọ̀n tí ẹrù apá kan rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Lápá òsì tí ẹ ń yà sí, ìmọ́lẹ̀ á já lulẹ̀ sẹ́bàá táyà. Lápá ọ̀tún tí ẹ ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀, á máa tan ewé orí igi. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an ló máa ṣú dùdù.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1894 ni ilé-iṣẹ́ Hildebrand & Wolfmüller ní ìlú Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù tà fáráyé. Ọdún 2011 ni èyí àkọ́kọ́ tí iná rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe bó ṣe ń tẹ̀ tó wá dé ọwọ́ oníbàárà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé àìsí iná tó dáa ló fà á. Rárá o. Iná ti wà tipẹ́. Ohun tí kò sí ni ohun tó máa sọ fún iná náà pé alùpùpù ti tẹ̀, àti bó ṣe tẹ̀ tó.

Lóòótọ́, iná ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kò tó nǹkan. Iná kábáìdì ni: omi á máa kán tó, tó, tó sórí kábáìdì nínú agolo kékeré kan, gáàsì á jáde, wọ́n á ṣáná sí i, díńgí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tari ìmọ́lẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń fi irú iná bẹ́ẹ̀ rìn kì í sáré débi tí kọ́nà á fi dà á láàmú. Ní 1914, ilé-iṣẹ́ Indian ní Amẹ́ríkà gbé Hendee Special jáde tòun ti iná mànàmáná àti sítátà, àmọ́ bátìrì ìgbà náà kò lágbára tó, wọn ò sì ṣe é ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn náà, kí iná túbọ̀ máa mọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn ń lé: gílóòbù halogen, tó mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, dé láwọn ọdún 1960, xenon, iná onígáàsì tó tún mọ́lẹ̀ jù ú lọ, dé sára mọ́tò ní 1991. Ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń wò.

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní tiwọn kò jókòó. Ní 1948, Preston Tucker ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kan tó ní iná mẹ́ta níwájú. Èyí àárín ń bá sítíárì yí. 51 péré ni wọ́n rí ṣe kí ilé-iṣẹ́ náà tó dẹnu kọlẹ̀. Citroën ti ilẹ̀ Faransé ló wá gbé e dé ọwọ́ ará ìlú. Láti oṣù kẹsàn-án 1967, iná méjì tó wà nínú lọ́hùn-ún lójú mọ́tò DS wọn, lábẹ́ ìbòrí gíláàsì, ń yà sọ́tùn-ún sósì bí awakọ̀ ṣe ń yí sítíárì. Àrà ńlá ni lójú mi títí dòní, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Okùn irin ló so iná mọ́ sítíárì. Òfin iná ti Amẹ́ríkà kò fàyè gba irú rẹ̀, nítorí náà DS tó bá ń lọ sọ́hùn-ún kì í ní in.

Kí ló wá dé tí wọn ò kàn fi okùn irin so iná alùpùpù mọ́ ọwọ́ ìdarí? Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mọ́tò ń yí táyà kó tó yà. Alùpùpù ń tẹ̀ ni. Bó bá ti ń sáré dáadáa, ẹni tó fẹ́ yà sósì á ti ọwọ́ ìdarí apá òsì síwájú díẹ̀, táyà iwájú á kọ́kọ́ yí sọ́tùn-ún fírí, kí alùpùpù tó dà sósì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Bó bá sì ti tẹ̀ tán, ìdarí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí mọ́. Iná tó bá ń tẹ̀ lé irú ìdarí bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ò lọ, lẹ́yìn náà á wá dúró gbagidi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Ó wá ku kí iná mọ bí alùpùpù ṣe tẹ̀ tó. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ gbé e kọ́. Ibi tó bá fì sí ló máa sọ. Lórí alùpùpù tó dúró sójú kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú kọ́nà, agbára tó ń tari nǹkan síta á pàdé òòfà ilẹ̀, àpapọ̀ àwọn méjèèjì á sì máa fa gbogbo ohun tó wà lórí alùpùpù gba ìdí rẹ̀ lọ tààrà. Òkúta yẹn á dúró ṣánṣán, bí ẹni pé kò sóhun tó tẹ̀. Omi inú ife pàápàá lè má dànù. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tó bá di ojú, lè má mọ̀ pé òun ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí kọ́nà ò lè tàn báyìí ni gyroscope, ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yára yí. Kọ̀ǹpútà á máa ṣírò ìyára yẹn pọ̀, á fi mọ ibi tí alùpùpù tẹ̀ dé. Ọkọ̀ òfuurufú ti ń lò ó tipẹ́, àmọ́ ó tóbi, ó sì wọ́n. Ìgbà tí wọ́n rí i ṣe sórí silicon, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wá kéré ju èékánná lọ, ló tó ṣeé gbé sórí alùpùpù. BMW fi irú rẹ̀ sára S 1000 RR tí wọ́n gbé jáde ní 2009, kì í sì í ṣe nítorí iná rárá. Kí táyà ẹ̀yìn má bàa yọ̀ nínú kọ́nà ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi K 1600 GT àti GTL han aráyé; àwọn ni alùpùpù ọdún 2011 tí mo sọ lókè. Ẹ jẹ́ ká wo inú iná rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe gílóòbù ló ń yí. Xenon jókòó sójú kan, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lu díńgí kékeré kan, díńgí yẹn ló ń dá a padà sójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì kékeré oníná kan ló ń yí díńgí náà. Bí alùpùpù bá tẹ̀ sósì, ẹ́ńjìnì á yí díńgí sódì kejì, ìlà ìmọ́lẹ̀ á sì tẹ́ rẹrẹ lójú títì bí ẹni pé alùpùpù ò kúrò lóòró. Sẹ́ńsọ̀ méjì mìíràn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kíyè sí ìyípadà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ń wo gíga alùpùpù náà: bí ẹ bá gbé èèyàn sẹ́yìn tí imú alùpùpù gbé sókè, tàbí tí ẹ tẹ bíréèkì tí imú wọlẹ̀, iná á tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí wà lára gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń bá kọ́nà lọ ló máa fowó kún owó.

Àwọn tó kù gba ọ̀nà míì. Ní 2015, KTM gbé 1290 Super Adventure jáde, Ducati gbé Multistrada 1200 S tirẹ̀. Kò sí díńgí tó ń yí, kò sí ẹ́ńjìnì. Iná LED kéékèèké, irú tí kì í lo gílóòbù, ni wọ́n fi kún iná ńlá; bí alùpùpù bá ṣe ń tẹ̀ ni wọ́n ń tàn. Lórí Pan America Special tí Harley-Davidson ṣe ní 2021, mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ á tàn bó bá tẹ̀ dé dígírì 8, èkejì ní 15, ẹ̀kẹta ní 23. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀: ohun tí kì í yí kì í jẹ, gbọ̀ngbọ̀n ọ̀nà ò sì lè tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ti díńgí ni mò ń ṣe. LED wọ̀nyẹn ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ibi tó ṣú ni. Iná ńlá tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ síbẹ̀. BMW fúnra wọn ò fi yíyí sílẹ̀. Nígbà tí R 18 wọn dé ní 2020, LED ni iná rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ lè ra èyí tó ń yí tó dígírì 35.

Gbogbo ìwọ̀nyí, ti ẹni tó ra tuntun ni. Ẹni tó ní ògbólógbòó alùpùpù tí kò ní sẹ́ńsọ̀ kankan ńkọ́? J.W. Speaker, ilé-iṣẹ́ oníná kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tí mo gbádùn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Iná róbótó oníǹṣì 7 ni, bí èyí tó wà lójú ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, àfi pé inú iná náà gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń mọ títẹ̀ sí. Ẹ tú ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ẹ fi èyí sójú ihò rẹ̀, ẹ so wáyà pọ̀. Kò ní bi alùpùpù léèrè ohunkóhun. Bí ẹ bá ti tẹ̀, ó ti mọ̀, LED tó kọjú sínú kọ́nà á sì tàn.