Ẹ́ńjìnnì bàálù àlòkù tó máa jókòó fún ọdún púpọ̀: bí wọ́n ṣe ń fi pamọ́ kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́

Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to bàálù kékeré nínú gáréèjì, pàápàá àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ra kíìtì RV lọ́wọ́ Van's Aircraft ní Oregon, wọn kì í sábà dúró kí ara bàálù parí kí wọ́n tó wá ẹ́ńjìnnì, torí ẹ́ńjìnnì Lycoming tuntun wọ́n gógó, so tí irú ẹ̀ bí O-320 tàbí O-360 àlòkù tó ṣeé rà bá yọjú, wọ́n á yáa sáré mú un. Kíìtì yẹn wá lè gba ọdún mẹ́ta, ó lè gba mẹ́wàá, kọ̀rọ̀ gáréèjì ni ẹ́ńjìnnì máa wà látọjọ́ yẹn. RV-6A, ọ̀kan nínú àwọn kíìtì yìí, ni wọ́n gbé Air Beetle, bàálù ìkọ́ṣẹ́ ti Air Force Nàìjíríà, lé, Kaduna ni wọ́n ti tò ó, Lycoming ló sì wà nímú òun náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sílé jù.

Ohun tó ń ba ẹ́ńjìnnì tó jókòó jẹ́, omi ni, kì í ṣe ọjọ́ orí. Tí gálọ́ọ̀nù pẹtiróò kan bá jó tán, omi tó máa bá èéfín ẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gálọ́ọ̀nù kan. Ó lè ya èèyàn lẹ́nu ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù ń gba sàléńsà jáde, díẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì wọ inú ọ́ìlì, òun pẹ̀lú ásíìdì tó ń wá látinú 100LL, ìyẹn pẹtiróò bàálù. Ẹ́ńjìnnì tó ń fò déédéé, ọ́ìlì ẹ̀ á gbóná dé ibi tí omi yẹn á fi gbẹ kúrò, èyí tí kò fò mọ́, inú ẹ̀ lomi máa wà. Tún fi ti ojú ọjọ́ kún un: lóru irin á tutù, tílẹ̀ bá mọ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ní ọ̀rinrin wọlé, omi á sẹ̀ sára irin yẹn bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní fíríìjì, inú ẹ́ńjìnnì sì ni o, níbi tójú ò tó.

Ní ti Lycoming, camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ló kọ́kọ́ máa ń jìyà, torí òkè kíránkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, ni wọ́n gbé e sí, ọ́ìlì a máa ro kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi wà níhòòhò. Ẹ́ńjìnnì Continental bí O-200, ìsàlẹ̀ kíránkì ni tiẹ̀ wà, ìyẹn ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ìpẹtà tín-ń-tín ò ní dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àtiṣiṣẹ́ o, ó máa ṣáná, á ró dáadáa, ṣùgbọ́n bí tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí camshaft ń tì, bá ṣe ń gun ojú ibi tó ti dípẹtà yẹn, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, lọ́jọ́ kan wọ́n á gé fílítà ọ́ìlì, wọ́n á bá irin wínníwínní nínú ẹ̀. Láti pààrọ̀ camshaft yẹn, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì sí méjì.

Àwọn kan máa ń fọwọ́ yí prop, abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ń gbé ọ́ìlì káàkiri. Irọ́ ni, ṣe ni wọ́n ń nu ìwọ̀nba ọ́ìlì tó ṣẹ́kù kúrò. Títan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún náà burú, omi tuntun ló ń kó wọlé tí kò sì ní gbóná tó láti lé e jáde, Lycoming fúnra wọn ò fọwọ́ sí méjèèjì.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà lára bàálù olówó ẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an ló dáa jù láti ṣètò ìpamọ́ ẹ̀. Wọ́n á fa ọ́ìlì àtijọ́ dànù nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á da ọ́ìlì ìpamọ́ sí i, ìyẹn kẹ́míkà MIL-C-6529 ìdá kan sínú ọ́ìlì mineral 1100 ìdá mẹ́ta, tàbí kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti pò tán bí AeroShell Fluid 2F. Wọ́n á wá fi fò, kí ọ́ìlì gbóná dé nǹkan bí 82°C, kó tó kan gbogbo ara irin inú. Bó bá ti balẹ̀ tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á tú plọ́ọ̀gì òkè, wọ́n á fà písítìnì kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn dé òpin, wọ́n á fín ọ́ìlì náà sínú sílíńdà. Tí wọ́n bá fín gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n á tún un fín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ yí kíránkì mọ́ lẹ́yìn èyí.

Plọ́ọ̀gì oníke tó ní silica gel, horo tó ń fa ọ̀rinrin mu, nínú ló máa rọ́pò plọ́ọ̀gì gidi. Àpò silica gel á wọ ibi tí èéfín ń gbà jáde àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wọ́n á wá fi téèpù tómi ò lè gbà kọjá dí gbogbo ihò, títí kan breather, ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, wọ́n á so aṣọ pupa mọ́ ọn kí ẹnì kankan má gbàgbé pé nǹkan wà nínú. Silica gel yìí, búlúù ni tó bá gbẹ, ó ń di píǹkì tó bá ti mumi yó, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n á sì yan horo ẹ̀ nínú oven kó lè padà sí búlúù.

Ọ̀rọ̀ le díẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ó dáa kí wọ́n yọ sílíńdà kan kí wọ́n fojú rí camshaft ná, torí kò sí ọgbọ́n nínú kéèyàn máa tọ́jú ohun tó ti bàjẹ́. Tó bá mọ́, àwọn kan á fi táǹkì oníprẹ́ṣọ̀ ti ọ́ìlì ìpamọ́ gba ojú ọ̀nà ọ́ìlì tí wọ́n á sì máa yí kíránkì, èyí yàtọ̀ sí yíyí lásán torí ọ́ìlì ń wọlé bó ṣe ń yí. Àwọn míì a kúkú da ọ́ìlì kún inú ẹ́ńjìnnì pátá títí á fi bo camshaft. Ó ń jẹ ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n míì tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni páńpù kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táǹkì ẹja. Afẹ́fẹ́ á gba inú ìgò silica gel kọjá, á gba breather wọlé, á jáde níbi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, rọ́bà á sì dá a padà sínú páńpù, tí ọ̀rinrin inú ẹ̀ bá ti wà lábẹ́ 40%, ìpẹtà ò ní ráyè. Owó kékeré ni, ó sì dáa ju ọ́ìlì nìkan lọ.

Inú kíránkì níwájú náà ní ihò, ó sì máa ń dípẹtà, FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ pa á láṣẹ nínú ìwé àṣẹ AD 98-02-08 kí wọ́n yẹ inú ẹ̀ wò lára Lycoming 320 àti 360 tó ń lo prop tí kì í yí igun padà. Wọ́n á nu ún, wọ́n á fi ọ́ìlì ra á, wọ́n á dí i. Màgínẹ́ẹ̀tò tó ń fún plọ́ọ̀gì níná àti kábúrétọ̀, kí wọ́n tú wọn kí wọ́n tọ́jú wọn sílé níbi tó gbẹ, rọ́bà ọ́ìlì àti ti epo kò tiẹ̀ tọ́ sí wàhálà, tuntun ni wọ́n máa rà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó.

Ọjọ́ tí bàálù bá wá ṣe tán, wọn ò kàn ní fi sítátà kọlù ú. Ọ́ìlì tí wọ́n fín sí i lè ti gbára jọ sínú sílíńdà, ọ́ìlì kò sì ṣeé fún pọ̀, tí písítìnì bá fipá bá a, irin tó gbé písítìnì yẹn ló máa tẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbogbo silica gel, wọ́n á tú plọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀, wọ́n á rọra fọwọ́ yí i kí ọ́ìlì jò dànù, wọ́n á fi ọ́ìlì tuntun sí i, wọ́n á wá fi sítátà yí i láìsí plọ́ọ̀gì lórí títí gééjì á fi fi hàn pé ọ́ìlì ti ní prẹ́ṣọ̀, kí wọ́n tó dá plọ́ọ̀gì padà.